Kí ló dé tí fọ́tò dúdú-funfun igi etí omi Ọ̀pá fi rí bí eérú?

Ọmọ_Ìlódè (Sátidé, 2:14 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará wa. Ìlódè ni mò ń gbé ní Ifẹ̀ níbí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun, fọ́tò ni mo fi ń gbádùn ara mi.

Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń lọ sí etí omi Ọ̀pá ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, omi ti fà sẹ́yìn, gbogbo igi tí omi gbé wá nígbà òjò ti wá hàn gbangba lórí ẹrẹ̀ tó ti gbẹ tó sì ti sán. Gbòǹgbò wà níbẹ̀, ẹ̀ka wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtì kan ló gbà mí lọ́kàn. Ó gùn ju ọkọ̀ akérò kékeré lọ. Èèpo ara rẹ̀ ti bọ́ tán, ó funfun bí egungun, ìlà ara rẹ̀ sì lọ́ láti ìdí dé orí bí ìgbà téèyàn bá ń fún aṣọ tútù.

Mo dúró tì í fún bíi wákàtí kan, mò ń wò ó. Mo délé, mo sọ fọ́tò di dúdú-funfun, áà! Ó rí bí eérú tí wọ́n da omi lé. Igi ò yàtọ̀ sí ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ò yàtọ̀ sí koríko. Mo bá kó o sínú Snapseed, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí fóònù, mo fa Structure, èyí tó ń mú kí ara nǹkan hàn ketekete, dé 80, ìtì wá di ọ̀nì. Ẹ wò ó nísàlẹ̀, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù.

Canon 600D tòkúnbọ̀ ni kámẹ́rà mi, lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá ni mo lò. Nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ ni mo yà á. JPEG, fáìlì fọ́tò lásán, ni, mo sì ti fi kámẹ́rà sí Monochrome, ìyẹn dúdú-funfun, kí n tó yà á.

Ṣé kámẹ́rà ni, àbí ọwọ́ mi?

Òṣómàáló_Iléṣà (Sátidé, 3:02 ọ̀sán)

Àbúrò, kámẹ́rà ò jẹ̀bi. Ọwọ́ rẹ ni, àti aago rẹ.

Aago mọ́kànlá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ti ń gun àtàrí lọ nìyẹn. Bó ṣe ń tàn sórí gegele ló ń tàn sínú kòtò. Òjìji ò níbi tó máa fara pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òjìji ni yóò jẹ́ ká mọ̀ pé igi yẹn lọ́. Ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni mò ń yà jẹun ní Iléṣà níbí. Tí mo bá fẹ́ kí ìlà aṣọ òfì hàn lára ìyàwó, n kì í tan iná sí i níwájú, ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń gbé iná sí. Ohun kan náà ni pẹ̀lú igi. Kí oòrùn tó yọ ni kó o ti dé bẹ̀, kó o ti mọ ibi tó o máa dúró sí. Lásìkò yìí, ó ń lọ sí aago méje kó tó yọ, nítorí náà kò sí pé ilẹ̀ ò tíì mọ́.

JPEG inú Monochrome yẹn ńkọ́? O ti ju àwọ̀ nù lójú omi kó o tó délé. RAW, fáìlì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí, ni kó o máa fi yà á. Fi kámẹ́rà sílẹ̀ ní Monochrome bó ṣe wà, ojú ẹ̀yìn rẹ̀ á máa fi dúdú-funfun hàn ọ́ kó o lè mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo àwọ̀ yóò wà nínú fáìlì RAW. Ilé lo ti máa wá mọ èyí tó o fẹ́.

ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀, fi sí 100. Ihò lẹ́ńsì, f/8 tàbí f/11, kó kéré kí iwájú àti ẹ̀yìn lè mọ́. Gbé e lé sítáǹdì, fi tímà oní-ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí i kí ìka rẹ má baà mì ín. Igi ò ní sá.

Ṣọ̀rọ̀_Sójú_Ẹ (Sátidé, 3:40 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí ẹ bó àwọ̀ lára igi? Mo ti wo fọ́tò yẹn. Ẹrẹ̀ pupa wà níbẹ̀, ewédò tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú ọ̀run wà lókè. Ọlọ́run kun ún tán, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Lójú tèmi, dúdú-funfun yìí ti di ohun tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ ò bá dáa á yọ àwọ̀ kúrò, á ní iṣẹ́ ọnà ni.

Ìyá_Dáàkúrúmù (Sátidé, 5:26 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò o. Ṣọ̀rọ̀ sójú, o ò parọ́, àwọn kan ń fi bo àṣìṣe. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi.

Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Iléṣà nígbà tí kálà ṣì jẹ́ ti olówó. Inú iyàrá òkùnkùn ni mo ti máa ń bá a fọ fọ́tò, lábẹ́ iná pupa, tí òórùn kẹ́míkà á wà lára mi títí mo fi máa dé ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń pe ojú, ìrísí nǹkan á sì dúró lẹ́yìn. Lọ wo irun orí tí J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà láti 1968. Ẹ̀yìn orí obìnrin ni, irun dídì àti irun kíkó, láìsí àwọ̀ kankan. Ká ní ó fi kálà yà wọ́n ni, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti aṣọ ìyá náà lo máa kọ́kọ́ wò. Bó ṣe yà á yìí, bí irun ṣe yí po ni wàá rí, àfi bí ẹni pé wọ́n gbẹ́ ẹ ni. Òyìnbó ayafọ́tò Amẹ́ríkà kan, Edward Weston, fi ata ńlá kan bíi tàtàṣé sínú àrọ páànù ní 1930, ó yà á báyẹn. Ata lásán o! Inú àrọ ló jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rọra yí i ká, ara ata wá dà bí ara èèyàn tó ká kò.

Igi tó lọ́ wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìrísí rẹ̀ la fẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tí Òṣómàáló sọ, Ọmọ Ìlódè, nílé yín ní Ifẹ̀ ni kó o ti lọ kọ́ ọ. Wá fọ́tò orí idẹ tí wọ́n wú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ìlà tínínrín tó sọ̀ kalẹ̀ lójú wọn yẹn, bí ẹni tó yà á bá tan iná sí i níwájú, ìlà á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bó bá gbé iná sí ẹ̀gbẹ́, wàá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. To fọ́tò méjì bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó o tó gbé kámẹ́rà jáde.

Tíṣà_Físíìsì (Sátidé, 8:11 alẹ́)

Ìdí tó fi rí bí eérú nìyí, ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sọ ọ́ díẹ̀, n kò ní pẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ sọ fọ́tò kálà di dúdú-funfun, ìwọ̀n kan tó wọ́pọ̀ ni pé kó mú nǹkan bí 30 nínú 100 lára pupa, 59 lára àwọ̀ ewé, 11 péré lára búlúù, kó ro wọ́n pọ̀. Bí ojú èèyàn ṣe máa ń gba ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi pín in bẹ́ẹ̀. Wàyí o, mú ẹrẹ̀ pupa kan àti ewédò kan. Lójú, kò sẹ́ni tó lè ṣì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n bí o bá ro pupa, ewé àti búlúù ti èkínní pọ̀, kí o ro ti èkejì pọ̀, àpapọ̀ wọn lè jọra gan-an. Àwọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. O yọ àwọ̀, wọ́n di ọ̀kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ nìyẹn.

Fáìlì RAW á jẹ́ kó o tún ìpín yẹn pín fúnra rẹ. Nínú Lightroom, áàpù àtúnṣe fọ́tò mìíràn, lórí fóònù, bó o bá ti yan B&W, wàá rí àwọ̀ mẹ́jọ tó o lè fà sókè tàbí sísàlẹ̀: pupa, ọsàn, yẹ́lò, ewé, búlúù omi, búlúù, pọ́pù àti máńjẹ́ńtà. Fa ewé sísàlẹ̀, ewédò á ṣókùnkùn. Fa búlúù sísàlẹ̀, ojú ọ̀run á ṣókùnkùn. Àwọn tó ń lo fíìmù, gíláàsì pupa ni wọ́n ń fi sí iwájú lẹ́ńsì fún irú ti ojú ọ̀run yẹn. Snapseed náà ní fílítà aláwọ̀ nínú Black & White rẹ̀, kò kàn tó nǹkan mẹ́jọ ni.

Igi rẹ wá ńkọ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà rèé. O ní ó funfun bí egungun. Nǹkan tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àwọ̀ kankan mọ́. Fa èyí tó bá wù ọ́ nínú mẹ́jọ yẹn, kò ní mira. Ẹrẹ̀ tó sùn lé lórí ló ní àwọ̀. Nítorí náà, má wulẹ̀ dààmú igi. Fa ọsàn àti yẹ́lò sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ á máa ṣókùnkùn lọ, igi á máa yọ jáde láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo wí o. Bí o bá fà á jù, etí igi á máa ní ìlà funfun, ojú ọ̀run á sì rí bí ẹ̀kọ tó díkókó.

Ọmọ_Ìlódè (Sátidé, 9:30 alẹ́)

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an ni! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan máa sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Gbogbo fídíò tí mo wò, "fa èyí, fa ìyẹn" ṣáá ni.

Bàbá_Káfíńtà (Àìkú, 7:05 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà, ọmọ mi ló fi ojú-òpó yìí hàn mí nítorí ó rí igi níbẹ̀. Ogójì ọdún àti díẹ̀ ni mo ti fi ń bá pákó jà ní Ifẹ̀.

Ohun méjì ni mo rí. Igi yẹn kò wó fúnra rẹ̀. Ẹ fẹ ìdí rẹ̀ lápá òsì kó tóbi. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ìlà kan sì ń yí bí ìlà àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀. Ayùn onímọ́tò ló fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹnì kan gé e, kò rí i kó, omi wá gbé e.

Èkejì, funfun ara rẹ̀ yẹn kì í ṣe àwọ̀ igi. Oòrùn ló máa ń ba ohun tó so fọ́nrán igi pọ̀ jẹ́, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ, fọ́nrán funfun á wá kù lójú. Orí ara lásán ló wà. Kí o mú ọ̀bẹ, kí o ha ibi kékeré kan tí kò ní hàn nínú fọ́tò rẹ, kí o sọ ohun tó o rí fún mi.

Ọmọ_Ìlódè (Àìkú, 7:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ sà. Mo gbọ́ sà. Sátidé tó ń bọ̀ ni màá padà lọ.

Òṣómàáló_Iléṣà (Àìkú, 10:48 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.

Tíṣà, nǹkan tí ẹ sọ lórí ọsàn àti yẹ́lò yẹn rán mi létí ọ̀rọ̀ kan tó bà mí nínú jẹ́. Ẹ mọ̀ pé omi Ọ̀ṣun ti pọ́n láti ìgbà tí àwọn tó ń wa góòlù ti dé agbègbè Ìjẹ̀ṣà wa yìí. Bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ló rí. Mo lọ yà á lọ́dún kan, gbòǹgbò igi kan há sáàárín òkúta, omi ń gba ara rẹ̀ kọjá. Mo sọ ọ́ di dúdú-funfun, mo wá ṣe òdì kejì ohun tí ẹ sọ yìí, mo fa pupa àti ọsàn sókè kí gbòǹgbò lè mọ́lẹ̀. Omi ẹrẹ̀ bá di wàrà. Ó ń dán, ó ń tàn. Mo gbé e síta, èèyàn bíi mélòó kan ló kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ẹ wo bí omi Ọ̀ṣun ṣe mọ́."

Mo yọ ọ́ kúrò. N ò fi nǹkan kan kún un, n ò gbé nǹkan kan kúrò níbẹ̀, ọ̀pá àwọ̀ méjì péré ni mo fà lórí fóònù, fọ́tò sì ti parọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń bi ara mi pé funfun tí mo fún nǹkan yìí, kí ló ń sọ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀?

Ṣọ̀rọ̀_Sójú_Ẹ (Àìkú, 11:15 àárọ̀)

Ẹ rí i? Ẹnu yín náà lẹ fi sọ ọ́.

Ìyá_Dáàkúrúmù (Àìkú, 12:50 ọ̀sán)

Kálà náà ń parọ́, ọmọ mi. Ṣé o ò rí àwọn tó ń fa búlúù títí tí odò Nàìjíríà fi ń dà bíi ti àwọn erékùṣù tí wọ́n ń fi polówó ọkọ̀ òfurufú ni? Ẹni tó bá ní ọ̀pá lọ́wọ́ ni kó mọ ibi tó ń fà á lọ.

Ọmọ_Ìlódè (Sátidé, 4:33 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Fọ́tò mẹ́ta wà nísàlẹ̀.

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo dé bẹ̀. Ọyẹ́ wà nílẹ̀, ètè mi ti bó. Nígbà tí oòrùn yọ, àfi bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ ìnura bo bọ́ọ̀bù. Mo rò pé ọyẹ́ yẹn máa ba nǹkan jẹ́, àṣé òun ló dáa jù. Òjìji wà, ṣùgbọ́n kò dúdú kíríkírí, mo ṣì ń rí inú kòtò ara igi. Ní aago méje kọjá bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìmọ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rá lórí ìtì náà láti ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ìlà tí n kò rí lọ́sẹ̀ tó kọjá dìde. Mo rí ibi tí ìlà ara igi ti pàdé ojú ẹ̀ka kan, tó pín sí méjì, tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kọjá, tó sì tún padà pọ̀ níwájú, bí omi ṣe ń ṣe bó bá kan òkúta. Àwọn èèrà ń gba inú ìlà kan lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó fi bí ìdajì wákàtí rí bẹ́ẹ̀. Kó tó di aago mẹ́jọ, ó ti tán.

Bàbá, mo rí àmì ayùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo sì fi ọ̀bẹ ha abẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń lọ sí yẹ́lò. Ọ̀bẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé.

Nínú Lightroom: ọsàn −25, yẹ́lò −20, ewé −35. N kò fọwọ́ kan Structure inú Snapseed rárá, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan o. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan há sábẹ́ ìtì náà. Mo yọ ọ́ kí n tó yà á.

Bàbá_Káfíńtà (Sátidé, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Bí inú rẹ̀ bá jẹ́ yẹ́lò tó ń lọ sí ràkọ̀ràkọ̀, tó sì le bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti wà nínú omi, ìrókò ni màá pè é. N kò ní búra lórí fóònù o, ó dìgbà tí mo bá gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní àràbà ni, kòkòrò ò bá ti jẹ ẹ́ tán kó o tó ra kámẹ́rà.

Kó o tún bẹ Olúwéré o, o ò tọrọ ààyè kó o tó yà á.

Òṣómàáló_Iléṣà (Sátidé, 5:31 ìrọ̀lẹ́)

Ahahaha! Bàbá!

Àbúrò, èkejì ló dáa jù. Ti èkínní, ojú ọ̀run funfun tó wà lókè yẹn ń jí ojú gbé. Tẹ orí kámẹ́rà wálẹ̀, a ò nílò ọ̀run. Ẹ̀kẹta, o sún mọ́ ọn jù, f/5.6 lo fi yà á, iwájú mọ́, ẹ̀yìn ti di èéfín. Igi gànnàngànnàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Sún sẹ́yìn díẹ̀, kó o lo f/11.

Ọ̀rá tó o yọ, kò burú. Bó o bá lè fi ọwọ́ yọ ọ́ níbẹ̀, fi ọwọ́ yọ ọ́, kó o sì kó o lọ. Èyí tí n kì í fẹ́ ni kéèyàn délé kó tó máa fi kọ̀ǹpútà pa nǹkan rẹ́.

Ṣọ̀rọ̀_Sójú_Ẹ (Sátidé, 5:44 ìrọ̀lẹ́)

Kí ni ìyàtọ̀? Omi tó gbé igi wá ló gbé ọ̀rá wá. Ìkan náà ni wọ́n. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ torí ó lẹ́wà, ẹ yọ ọ̀kan torí ó jẹ́ tiwa.

Tíṣà_Físíìsì (Sátidé, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára díẹ̀, kí n má purọ́.

Ọmọ_Ìlódè (Sátidé, 6:41 ìrọ̀lẹ́)

Èmi náà. Màá tún lọ yà á, n ò ní yọ nǹkan kan tó bá há síbẹ̀. Ọ̀rá ò ṣọ̀wọ́n ní Ọ̀pá.

Ìyá_Dáàkúrúmù (Sátidé, 9:02 alẹ́)

Mo ti wo èkejì dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Ó dáa. Ohun tó kù ni iṣẹ́ ọwọ́.

Láyé wa, tí ibì kan bá fẹ́ ṣókùnkùn jù lórí bébà, a máa gé páálí roboto, a fi í sórí wáyà, a máa mì í lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ kí ibẹ̀ má baà gbà tó ti àwọn yòókù. Tí ibì kan bá funfun jù, a máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ìyókù, a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tún bọ́ síbẹ̀ nìkan. A kò gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ dúró rárá. Bó o bá dá a dúró, àmì páálí á hàn gbagada. Bàbá mi máa ń sọ pé kí ọwọ́ máa jó.

Bọ́rọ́ọ̀ṣì inú fóònù rẹ yẹn, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Lò ó ní agbára kékeré, bíi 10, kó o máa fi lélẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin dípò ẹ̀ẹ̀kan ńlá. Fi kun orí àwọn gegele tí ìmọ́lẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Jẹ́ kí etí fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣókùnkùn díẹ̀ kí ojú má baà sá jáde. Gbọ́ èyí dáadáa: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti fọwọ́ kàn nìkan ni kó o fi ìmọ́lẹ̀ kún. Bó o bá tan iná sí inú kòtò tí oòrùn kò dé, ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́, bí kò tilẹ̀ mọ ohun náà.

Structure tó ń bà ọ́ lẹ́rù, bọ́rọ́ọ̀ṣì ni kó o fi kàn án sára igi nìkan, 15 ti tó. Jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọ̀ kí igi lè le.

Tíṣà_Físíìsì (Àìkú, 8:15 àárọ̀)

Kí n fi kún ti Ìyá. Ansel Adams àti Fred Archer, ayafọ́tò Amẹ́ríkà méjì, ṣètò ọ̀nà kan ní nǹkan bí 1940 tó pín láti dúdú kíríkírí dé funfun báláú sí ìpele mọ́kànlá, 0 dé 10. Kò pọn dandan kó o há a sórí. Kàn máa bi ara rẹ pé níbo ni 0 mi wà, níbo ni 10 mi wà? Nínú fọ́tò rẹ èkejì, n kò rí 0. Dúdú rẹ tó dúdú jù, eérú ni. Inú ihò ìdí igi yẹn yẹ kó ṣú pátápátá. Fa Blacks, ọ̀pá tó wà fún ibi tó dúdú jù nínú fọ́tò, sísàlẹ̀ títí ibẹ̀ nìkan á fi ṣú, kó o sì dúró.

Ọmọ_Ìlódè (Ọjọ́rú, 7:50 alẹ́)

Ẹ gbà mí o! Mo gbé fọ́tò lọ tẹ̀ lónìí, ìwọ̀n 12 sí 16 íńṣì. Ó jáde, ó ń ṣe bí ewé. Gbogbo ibi eérú ló ní àwọ̀ ewé lára. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní bí mo ṣe gbé e wá ló rí. Lórí fóònù mi, kò sí ewé kankan níbẹ̀!

Òṣómàáló_Iléṣà (Ọjọ́rú, 8:06 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́. Gbogbo wa la ti jẹ ìyà yẹn. Bébà kálà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí dúdú gidi nínú bébà yẹn, àwọ̀ mẹ́ta ló ń pàdé pọ̀ tó ń ṣe bí eérú. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ju ìyókù, ojú èèyàn lásán kò ní rí i nínú fọ́tò ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n nínú dúdú-funfun, kò síbi tó máa sá pamọ́ sí. Ewé ni o rí, ẹlòmíràn á rí àwọ̀ bíi ti osùn.

Lọ padà. Sọ fún wọn pé kí wọ́n pa àtúnṣe àwọ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀. Kí fáìlì rẹ jẹ́ sRGB, ìlànà àwọ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Tẹ ọ̀kan kékeré, 4 sí 6, gbé e jáde sí oòrùn kó o wò ó, má wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Ó di ìgbà tí kékeré bá dáa kó o tó sanwó ńlá. Bó bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ kún un, kó rí bíi fọ́tò àtijọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe fún oníbàárà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ń mọ̀.

Owó ìmọ̀ràn ńkọ́? Ìjẹ̀ṣà ni mí o, màá lóṣòó dè é.

Ọmọ_Ìlódè (Sátidé, 1:12 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣiṣẹ́! Kékeré ẹ̀ẹ̀mejì kí ńlá tó jáde. Ẹ má lóṣòó, ẹ jókòó, màá rà yín ní iyán.

Bàbá Káfíńtà ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù wọn. Màá gbé e dé ọ̀dọ̀ yín sà, ẹ kò ní sanwó.

Bàbá_Káfíńtà (Sátidé, 1:40 ọ̀sán)

Ọlọ́run á bùkún ọ. Férémù ńkọ́? Èmi ni màá kàn án.

Ọmọ_Ìlódè (Sátidé kejì, 9:58 àárọ̀)

Mo padà lọ sí Ọ̀pá láàárọ̀ yìí láti yà á pẹ̀lú ọ̀rá bí mo ṣe ṣèlérí. Ìtì ti lọ.

Omi kọ́ ló gbé e. Ẹnì kan wá gé e sí wẹ́wẹ́, ó kó o lọ, bóyá igi ìdáná, bóyá pákó. Ibi tó sùn sí ṣì wà nínú ẹrẹ̀, ó jìn tó ọ̀pá ẹsẹ̀ mi. Ìyẹ̀fun ayùn wà káàkiri ibẹ̀, yẹ́lò fòò, ó mọ́ bíi gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì wà lórí rẹ̀.

Mo ya ìyẹn. Ẹ wò ó nísàlẹ̀. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ di dúdú-funfun, gbogbo rẹ̀ di iyanrìn lásán. Mo fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣọ̀rọ̀_Sójú_Ẹ (Sátidé kejì, 10:03 àárọ̀)

N ò ní sọ nǹkan kan. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Bàbá_Káfíńtà (Sátidé kejì, 10:30 àárọ̀)

Ìrókò ni. Yẹ́lò yẹn ti tó mi. Ṣé o kó o símú? Ìyẹ̀fun ìrókò máa ń mú èèyàn sín, ó sì máa ń hún ara. Fọ ọwọ́ rẹ, kó o tó fi nu ojú.